Ìwé Tí Baba Seadíà Kò Fẹ́ Fọwọ́ Sí

Ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta kan ní Áṣíkẹ́lónì, ènìyàn kan ṣoṣo ni kò tíì fọwọ́ sí ìwé tí kọ́ńgílá gbé wá láti kọ́ yàrá ààbò mọ́ ilé náà, Baba Seadíà tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ni. Ẹlikánà àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ń gbé láàárín ti fọwọ́ sí i láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Génya, opó tó ń gbé lókè pátápátá, kò tilẹ̀ jẹ́ kí kọ́ńgílá sọ̀rọ̀ tán kó tó gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Baba Seadíà ní òun ò fọwọ́ sí nǹkan kan, kọ́ńgílá náà sì ní bí ìdílé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá fẹnu kò, òun ò ní gbé ṣọ́bìrì wá síbẹ̀.

Ilé náà ti pẹ́, kò ní yàrá ààbò. Bí fèrè ìkìlọ̀ bá dún pé rọ́kẹ́ẹ̀tì ń bọ̀, ààbọ̀ ìṣẹ́jú ni ènìyàn ní láti sá dé ibi ìsádi tó wà ní òdìkejì títì. Ẹlikánà á gbé ọmọ kan sí èjìká, ìyàwó rẹ̀ á gbé ìkejì, ó di eré. Génya ní tirẹ̀ kò lè sáré, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti fẹ̀yìn tì ṣáájú òun fúnra rẹ̀. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnléláàádọ́ta ló wà láàárín ẹnu ọ̀nà rẹ̀ àti ilẹ̀. Kì í tíì sọ̀ ju ogún lọ tí ìró náà á fi dún, á wá jókòó síbi tó bá a, á di irin àtẹ̀gùn mú, á máa retí. Ohun tí kọ́ńgílá fẹ́ ṣe ni pé kó to yàrá kọnkéré mẹ́ta léra wọn lẹ́yìn ilé, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kí Génya lè ti ilé ìdáná rẹ̀ bọ́ sínú ààbò láìsọ àtẹ̀gùn kankan.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ojú ilẹ̀ tí yàrá mẹ́ta náà máa dúró lé ni Baba Seadíà ti ń pa àgọ́ rẹ̀ ní gbogbo Àjọ Àgọ́, àjọ ọjọ́ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń jẹun nínú àgọ́, láti ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Kò sì sí ibòmíràn. Igi ọ̀pọ̀tọ́ ńlá bo apá kan àgbàlá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tí Ẹlikánà ń sá aṣọ sí yọ bo apá kejì. Òrùlé ilé pàápàá dà gẹ̀rẹ̀, ológbò nìkan ló lè dúró síbẹ̀. Ewé ni òrùlé àgọ́, kò sì gbọdọ̀ sí nǹkan kan láàárín ewé náà àti ojú ọ̀run. Ẹni tó bá pa àgọ́ rẹ̀ sábẹ́ igi, abẹ́ igi ló ti jẹun, kò jẹun nínú àgọ́.

Ká má tan ara wa, Baba Seadíà ìbá lọ bá wọn jókòó nínú àgọ́ sínágọ́gù bó bá wù ú. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ju ti àgọ́ lọ. Ó ti di ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, kò sì sá fún fèrè rí. Bí fèrè bá dún, yóò jókòó síbi tó wà, yóò pa ojú dé, yóò máa gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́ títí yóò fi dákẹ́. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kó wọn kúrò ní Yẹ́mẹ̀nì, tí wọ́n wọ bààlúù fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn. Àwọn obìnrin ń ké. Bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n pa ẹnu mọ́, ṣé Ọlọ́run ò ti sọ ọ́ tipẹ́ pé òun máa fi ìyẹ́ idì gbé wọn relé ni? Idì ọ̀hún rèé, ariwo rẹ̀ ló kàn pọ̀ díẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù òkè ti kúrò lára Seadíà, ó sì ń fi ṣe fáàrí.

"Fáráò dà?" ló máa ń bi Génya tí wọ́n bá pàdé nídìí àtẹ̀gùn. "Hámánì dà? Gbogbo àwọn tó ní àwọn máa pa wá run, ta ló rí wọn lónìí? Ogójì ọdún làwọn bàbá wa fi rìn nínú aginjù. Ṣé kọ́ńgílá ló bá wọn kọ́lé ni? Ìkùukùu ni Ọlọ́run fi bò wọ́n."

"Ọlọ́run fi ìkùukùu bo àwọn bàbá tìẹ," Génya á ní. "Òkúta ló fi bo ìyá tèmi. Inú ihò abẹ́ ilẹ̀ ní Òdẹ́sà ni wọ́n bí mi sí nígbà ogun, òkúta tó wà lókè orí wa nípọn ju ilé yìí lọ. A sì yè é. Kí ni ká pe ìyẹn? Ṣé àìnígbàgbọ́ ni?"

"Ìgbà ogun nìyẹn."

"Ìsinsìnyí wá ńkọ́? Ìgbà ìgbéyàwó ni?"

Baba á mi irùngbọ̀n rẹ̀, á ní obìnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní dùùrù, kò sí bí ẹnu rẹ̀ ò ṣe ní dún. Génya á ní orí kunkun ọkùnrin yìí le ju kọnkéré lọ, kí kọ́ńgílá kúkú fi mọ yàrá náà. Wọ́n á fi bẹ́ẹ̀ pínyà. Ìjà wọn ò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí láti ìgbà tí ọkọ Génya ti kú, inú àgọ́ Baba Seadíà ló ti máa ń jẹun ọ̀sán ọjọ́ àkọ́kọ́ àjọ, kò sì yẹ̀ rí.

Lọ́dún yìí náà, ó wá. Ó fi ọwọ́ kan di irin mú, ó sọ àtẹ̀gùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnléláàádọ́ta kalẹ̀, ó gbé àwo ewébẹ̀ ńlá kan lọ́wọ́ kejì. Síyónà, ọmọ Baba Seadíà tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti se ọbẹ̀ ẹsẹ̀ màlúù láti àná, ó ti gún ata tútù mọ́ aáyù gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Imọ̀ ọ̀pẹ tútù ló bo àgọ́, oòrùn ń yọjú láàárín rẹ̀ sórí aṣọ tábìlì. Baba wọ aṣọ funfun, inú rẹ̀ sì ń dùn débi pé kò rántí pé òun ń bá ẹnikẹ́ni jà.

Génya fi etí búrẹ́dì kan ata. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Síyónà, ṣé oúnjẹ lo pe èyí ni? Ohun ìjà ni o. Bí wọ́n bá gbé e dé ojú ogun, ogun á parí lọ́sàn-án òní."

"Ẹ rọra jẹ ẹ́, Màmá. Ó dáa fún orúnkún."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Baba ni."

"Háà! Dókítà Seadíà!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Síyónà bu ọbẹ̀ sínú abọ́ kan, ó ní kí òun sáré gbé e fún ìyàwó Rábì Háskẹ́lì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní òdìkejì títì, òun ń bọ̀. Kò tíì ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tó jáde tí fèrè fi dún.

Wọ́n gbọ́ bí ìdílé Ẹlikánà ṣe ń rọ́ gìrìgìrì kọjá lẹ́yìn àgọ́. Ẹlikánà yọ orí wọlé pẹ̀lú ọmọ lẹ́jìká, ó ní, "Màmá Génya, ẹ jẹ́ kí n fà yín!" Génya fi ọwọ́ lé e, ó ní, "Gbé ọmọ rẹ sá, jọ̀ọ́, o ò lè gbé wa méjèèjì." Ó sá lọ.

Baba Seadíà kò mira. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì bó ṣe máa ń ṣe, ó pa ojú dé.

"Jókòó, Génya," ó ní. "Olùṣọ́ wa kì í tòògbé."

Kò gbọ́ èsì. Ó la ojú. Àga Génya ti ṣófo. Ó gbé etí aṣọ tábìlì sókè, ó sì rí Génya lábẹ́ tábìlì. Ewébẹ̀ wà nílẹ̀ káàkiri, àwo rẹ̀ ló dé sórí.

"Kí lò ń wá níbẹ̀?"

"Òrùlé ni mò ń wá."

Ó fi ẹ̀fẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwo náà ń lu férémù ìgò ojú rẹ̀ kọ́kọ́kọ́. Gbogbo ìgbà tí Baba fi ń ṣàkàwé Fáráò fún obìnrin yìí, kò rí i rí ní àkókò tí fèrè ń dún. Orí àtẹ̀gùn ló máa ń wà nígbà yẹn, òun á sì ti pa ojú dé nísàlẹ̀. Ó gbójú sókè wo imọ̀ ọ̀pẹ. Ojú ọ̀run hàn kedere láàárín rẹ̀, bó ṣe yẹ kó hàn. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni àlàfo yẹn ti ń dùn mọ́ ọn nínú. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò dùn mọ́ ọn.

Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti kúnlẹ̀, ó ti rá wọ abẹ́ tábìlì tòun ti aṣọ funfun rẹ̀, ó ti na ara rẹ̀ bo Génya lórí.

"Seadíà! Kí lò ń ṣe?"

"Òrùlé rẹ ni mò ń ṣe. Dákẹ́."

"Òrùlé yìí mà wúwo o."

Ìró àkọ́kọ́ dún lójú ọ̀run, lápá òkun. Ìkejì sún mọ́ wọn jù ú lọ, tábìlì mì, ìkòkò ọbẹ̀ yí, ọbẹ̀ gbígbóná sì ń kán tó tó tó sí Baba lẹ́yìn. Kò yọ ara. Ó ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n kò lè pa ojú dé, ó tẹjú mọ́ orí Génya pé kí nǹkan kan má bọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n ní àwọn ọmọ ogun ti gbá rọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì dànù lókè, kò balẹ̀ sórí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí Síyónà sáré padà dé, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló rí tó yọ síta lábẹ́ tábìlì, omi pupa sì ń ṣàn. Ó figbe ta.

"Ta ló kú? Baba! Ta ló kú?"

"Ọbẹ̀ ló kú," ni Génya dáhùn láti ìsàlẹ̀. "Wá gbé bàbá rẹ kúrò lórí mi, kó tó di èmi."

Ẹlikánà àti Síyónà ló fà wọ́n jáde níkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rín pa wọ́n, irú ẹ̀rín tí ń pa ènìyàn lẹ́yìn ẹ̀rù, tí kò ṣeé dá dúró. Baba nìkan ni kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Génya bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó sì wojú Baba.

"Ìkùukùu wá ńkọ́, Seadíà?"

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbéèrè tó dénú ni. Baba fẹ́ràn láti máa sọ pé òun fi ara òun lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Òótọ́ ni, ó fi í lé e lọ́wọ́, ara tirẹ̀ nìkan ṣáà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan Génya, kò lè fi ìṣẹ́jú kan ṣoṣo dúró de ìkùukùu. Fún oṣù mẹ́rin gbáko, ó ti ń fi ìgbàgbọ́ ara rẹ̀ mú obìnrin tí kò lè rìn jókòó lórí àtẹ̀gùn. Ojú tì í. Ojú tì í débi pé ó gbàgbé ọjọ́ tí ọjọ́ náà jẹ́.

"Ìwé yẹn dà?" ó ní. "Síyónà, bá mi mú bírò wá."

Gbogbo wọn wo ara wọn. Ọkùnrin yìí kì í kọ̀wé lọ́jọ́ àjọ, kì í tilẹ̀ ya bébà. Bí ìwé ìròyìn bá lẹ̀ mọ́ ara, á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì.

"Baba," ni Síyónà sọ jẹ́jẹ́, "ọjọ́ àjọ lónìí."

"Mo mọ̀. Mú bírò wá."

Rábì Háskẹ́lì ti dé ẹnu àgọ́ láti wò bóyá àlàáfíà ni. Baba kọjú sí i kíákíá. "Rábì, ṣé ẹ̀mí ènìyàn kọ́ ló ga ju ọjọ́ àjọ lọ? Ẹ sọ fún wọn."

"Òun ló ga jù," ni rábì náà dáhùn. "Bí bírò yẹn bá lè dá rọ́kẹ́ẹ̀tì dúró lọ́sàn-án yìí, èmi gan-an ni màá lọ gbé e. Àmọ́ ẹ wò ó, Baba, kọ́ńgílá wà nínú àgọ́ tirẹ̀ tó ń jẹun. Kánsù tó máa fúnni láṣẹ ìkọ́lé ti tilẹ̀kùn títí àjọ á fi parí. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i báyìí, ta ló máa gbà á lọ́wọ́ yín?"

"Kí n ti ṣe tèmi ná!"

"Fi sílẹ̀, Seadíà," ni Génya wí. "Mi ò fẹ́ kó o torí mi rú òfin, kó o wá máa dá mi lẹ́bi títí ọdún mìíràn. Oṣù mẹ́rin ni mo ti dúró. Ọjọ́ mẹ́jọ ò ní pa mí."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló gbọ́ ohun tó sọ. 

Bàbá Baba Seadíà ti kọ́ ọ láti kékeré pé láti ìbẹ̀rẹ̀ àjọ títí dé òpin rẹ̀, ọwọ́ kì í kan kálàmù. Ó gbà, ó dúró. Ṣùgbọ́n ẹ má bi Síyónà nípa ọjọ́ mẹ́jọ yẹn. Lọ́dọọdún, bí àjọ bá ń parí, ṣe ni Baba máa ń fajú ro bí ẹni tí àlejò rere fẹ́ kúrò nílé rẹ̀. Lọ́dún yìí, láti ọjọ́ kẹta ló ti ń bèèrè pé ó ku ọjọ́ mélòó. Ó gbé àga kúrò nínú àgọ́ lọ sídìí àtẹ̀gùn, ibẹ̀ ló ń jókòó sí láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, kí fèrè má lọ dún kí òun má sí nítòsí. Bó bá tó àkókò oúnjẹ, á sáré wọ àgọ́, á jẹun láìjókòó dáadáa, á tún padà.

"Baba ti di ọlọ́dẹ," ni Ẹlikánà wí. "Ṣé Olùṣọ́ tí kì í tòògbé ọ̀hún ti gba ìsinmi ni?"

"Ó gbà mí síṣẹ́ ni," Baba dá a lóhùn. "Kọjá lọ."

Génya ní tirẹ̀ kò gbà gbọ́ pé Baba máa fọwọ́ sí i, tàbí ó ṣe bí ẹni tí kò gbà á gbọ́. Láti ojú fèrèsé rẹ̀ lókè ló ti ń ké sí i. "Seadíà! O ṣì ń bẹ níbẹ̀? Mo rò pé o ti yí ọkàn padà!"

"Orúnkún rẹ ni kó yí padà!"

Ọlọ́run ṣàánú, fèrè kò tún dún mọ́ títí àjọ fi parí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí àjọ parí, Baba Seadíà dúró sí àgbàlá, ó gbójú sókè. Nígbà tó rí ìràwọ̀ kẹta, àmì pé àjọ ti tán, kò dúró gba oúnjẹ lọ́wọ́ Síyónà. Ó mú bírò, ó ní òun ń lọ sókè lọ́dọ̀ Génya, níbi tí ìwé náà wà.

"Baba, àtẹ̀gùn yẹn ga o! Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé ìwé náà wá."

"Èmi ni kó lọ."

Ní gbogbo ọdún tí wọ́n ti jọ ń gbé, Génya ló ń sọ̀kalẹ̀, Baba kò gun òkè lọ bá a rí. Nígbà tó dé àárín, èémí rẹ̀ ti ń já. Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn láti sinmi, ó na ọwọ́ mú irin, ó sì rí i pé ọ̀dà ti họ kúrò lára irin náà ní ojú ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà gan-an, níbi tí ọwọ́ ẹlòmíràn ti dì í mú ní àìmọye ìgbà.  Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ń gòkè lọ.

Génya ṣílẹ̀kùn kó tó kàn án.

"Génya," ó ní, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, "mo ti ronú sí i. Ọlọ́run ló ń ṣọ́ wa, láyé àwọn bàbá wa, àti lónìí. Ìkùukùu tirẹ̀ ni, òkúta tirẹ̀ ni. Èmi ni mo lọ dúró sí i lọ́nà, tí mò ń sọ pé ọ̀nà báyìí ni kó gbà —"

"Fọwọ́ sí i ná," ni Génya wí. "Wàásù á tẹ̀ lé e."

Ìwé náà ti wà lórí tábìlì. Baba fọwọ́ sí i. Nítorí àtẹ̀gùn tó gùn, orúkọ rẹ̀ wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ṣùgbọ́n ó hàn. Génya gbé e sókè, ó kà á, ó ká a, ó tì í sínú àpò aṣọ rẹ̀. Nígbà yẹn ló wá fa àga kan fún un.

"Àgọ́ rẹ ńkọ́, lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Mi ò mọ̀," ni Baba wí. Ó dùn ún, kò sì fi pamọ́. "Màá lọ bá wọn jókòó ní sínágọ́gù."

"O ò lọ síbì kankan. Mo ti fóònù kọ́ńgílá láti ọjọ́ kejì àjọ. Orí yàrá tèmi máa tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò ní sí nǹkan kan lókè rẹ̀ àfi ojú ọ̀run. Ó ní òun máa fi àtẹ̀gùn irin sí i láti ẹ̀gbẹ́ ìdáná mi. Wàá pa àgọ́ rẹ síbẹ̀. Ewé lókè, kọnkéré nísàlẹ̀. Ẹlikánà ló máa gbé ìwọ gan-an gòkè."

Baba la ẹnu, ó ní, "Láti ọjọ́ kejì àjọ? Tí mo jókòó sídìí àtẹ̀gùn láàárọ̀ àti lálẹ́, tí inú mi ń bàjẹ́? Génya! Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Bí mo bá sọ ọ́, torí àgọ́ rẹ lo máa fi fọwọ́ sí i," ni Génya dáhùn. "Mo fẹ́ kó o fọwọ́ sí i torí èmi."

Baba Seadíà wò ó. Ẹ̀rín gbé e, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì jẹ́ kó máa bọ́.

"Bí mi ò bá wá ńkọ́?"

 Génya lọ sídìí sítóòfù níbi tí omi ti ń hó, ó sì gbé ife méjì tó ti tò sílẹ̀ kí ìràwọ̀ tó yọ. Ó da tíì sínú wọn.

"Èmi náà ní ìgbàgbọ́ tèmi," ó ní. "Mu tíì rẹ."